Bí Ẹ Ṣe Lè Kó Àwọn Ọmọ Lọ Lo Ìsinmi ní Etíkun Mẹ́síkò

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kọ́kọ́ máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kó ọmọ lọ sí etíkun Mẹ́síkò ni pé wọ́n á máa wo àwòrán àwọn ilé ìtura lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi iye owó wọn wéra, wọ́n á sì mú èyí tí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá wù wọ́n jù. Ọ̀nà mìíràn ni ìtọ́sọ́nà yìí gbà: ẹ yan omi kí ẹ tó yan ilé. Etíkun Mẹ́síkò gùn púpọ̀, òkun tó yí i ká kì í sì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Omi tó wà níwájú ilé ìtura kan lè rọlẹ̀ débi pé ọmọ ọdún mẹ́ta yóò jókòó sí etí rẹ̀ tí yóò máa fi yanrìn ṣeré, nígbà tí èyí tó wà níwájú òmíràn ní ìlú kan náà lágbára láti wọ́ àgbàlagbà lọ.

Àwọn ẹbí Yorùbá tó ń gbé ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ní lọ́kàn jù, nítorí pé àwọn ni ìrìnàjò náà rọ̀ lọ́rùn. Láti Houston, bàálù kì í lò ju bíi wákàtí méjì àti ààbọ̀ lọ kí ó tó dé Cancún. Láti London, ó tó bíi wákàtí mẹ́wàá sí mọ́kànlá. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Èkó yóò ní láti kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ní Yúróòpù tàbí ní Amẹ́ríkà, n kò sì ní gba ẹni tó ní ọmọ kéékèèké nímọ̀ràn pé kí ó rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nítorí ìsinmi tí kò tó ọ̀sẹ̀ kan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ yẹ ìwé ẹnì kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀

Nínú ilé wa, kì í ṣọ̀wọ́n kí ìwé ìrìnnà àwọn ọmọ jẹ́ ti Amẹ́ríkà tàbí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ti bàbá tàbí ìyá sì jẹ́ ti Nàìjíríà. Ẹ má ṣe rò pé ohun tó kan ọ̀kan ló kan gbogbo yín. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà tàbí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò nílò físà láti wọ Mẹ́síkò fún ìgbafẹ́. Ẹni tó ní ti Nàìjíríà nílò rẹ̀, ẹni tó bá sì ń gbé nílé lè tọrọ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba Mẹ́síkò tó wà ní Àbújá. Ṣùgbọ́n Mẹ́síkò kì í béèrè físà tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ní físà Amẹ́ríkà, Kánádà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Japan tàbí ti àwọn orílẹ̀-èdè Schengen (àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tó ń lo físà kan náà) tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, tàbí tó bá ní ìwé ìgbélùú títí láé ní ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ẹ̀rí ìgbélùú ti kúrò lórí káàdì tó sì ti di ohun orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ aṣojú Mẹ́síkò àti sí ilé iṣẹ́ bàálù ṣáájú kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì tẹ èsì wọn sórí ìwé, nítorí pé òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé wò ní pápákọ̀ òfurufú ló lè dá yín dúró.

Ti àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà lásán gba ìṣọ́ra ju gbogbo rẹ̀ lọ. Láti wọ Mẹ́síkò lè rọrùn, kí ó má sì rọrùn láti padà sí Amẹ́ríkà, pàápàá fún ẹni tí físà rẹ̀ jẹ́ ti ìgbà kan ṣoṣo tàbí tí ìwé rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ bá lọ́yà tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú sọ̀rọ̀ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí pé owó tí ẹ ó san fún un kò lè tó ìnira tí yóò bá yín tí wọ́n bá dá ọ̀kan nínú yín dúró tí àwọn ọmọ sì wọlé.

Bí ó bá jẹ́ òbí kan ṣoṣo, tàbí ìyá àgbà, ló fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ, ẹ kọ ìwé ìyọ̀ǹda tí òbí tí kò lọ yóò fọwọ́ sí níwájú lọ́yà. Ẹ mú ẹ̀dà ìwé ìbí wọn dání pẹ̀lú, pàápàá tí orúkọ ìdílé ìyá bá yàtọ̀ sí ti ọmọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yan omi

Ìhà méjì ni ẹ ó kọ́kọ́ yàn láàárín wọn. Ní ìlà-oòrùn ni Òkun Kàríbíánì wà, ní ìpínlẹ̀ Quintana Roo, níbi tí Cancún, Puerto Morelos, Playa del Carmen, Akumal àti Tulum ti tò tẹ̀lé ara wọn, tí erékùṣù Isla Mujeres àti Cozumel sì wà lókèèrè díẹ̀ nínú òkun. Omi ibẹ̀ mọ́ kedere, ó lọ́wọ́ọ́rọ́, yanrìn rẹ̀ sì funfun. Ní ìwọ̀-oòrùn ni Òkun Pàsífíìkì wà, níbi tí Puerto Vallarta, Mazatlán, Huatulco àti Los Cabos wà. Yanrìn ibẹ̀ ṣú ju ti Kàríbíánì lọ ní ọ̀pọ̀ ibi, ìgbì rẹ̀ sì sábà máa ń lágbára.

Ẹ jẹ́ kí a mú Cancún, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ ń lọ. Agbègbè àwọn ilé ìtura rẹ̀ rí bí òǹkà 7 lórí àwòrán ilẹ̀. Apá tó kúrú lókè kọjú sí àríwá, Isla Mujeres sì wà níwájú rẹ̀ tó ń gba agbára ìgbì. Níbẹ̀ ni Playa Langosta, Playa Tortugas àti Playa Caracol wà, omi wọn kì í sì í jin lójijì. Apá tó gùn kọjú sí ìlà-oòrùn, sí agbami, ìgbì ńlá sì ń wọlé tààrà. Àwòrán tó wuyì jù lọ ti Cancún, ti Playa Delfines, apá yẹn ni wọ́n ti yà á. Ó dára láti wò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni mo máa tú ọmọ ọdún mẹ́rin sílẹ̀ sí. Nítorí náà, tí ilé ìtura kan bá sọ pé òun wà ní Cancún, ẹ wá a lórí àwòrán ilẹ̀ kí ẹ sì rí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí.

Puerto Morelos ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò tíì mọ omi í wẹ̀. Òkìtì iyùn ńlá abẹ́ òkun tó na láti ìhà ibẹ̀ gba iwájú Belize lọ dé Honduras, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún kìlómítà, sún mọ́ èbúté ibẹ̀ gan-an, ó sì ń fọ́ ìgbì kí ó tó dé etí ilẹ̀. Ìlú náà kéré, kò sí ariwo òru níbẹ̀ bíi ti Cancún tàbí Playa del Carmen. Ní Isla Mujeres, etíkun Playa Norte kò jin títí tí ènìyàn á fi rìn jìnnà sínú omi, ṣùgbọ́n ẹ ó wọ ọkọ̀ ojú omi kí ẹ tó dé ibẹ̀, ilé ìtura ńláńlá tó ní ètò fún ọmọdé kò sì pọ̀ níbẹ̀.

Ní ìhà Pàsífíìkì, Puerto Vallarta àti Nuevo Vallarta ni mo gbà pé ó bá ọmọdé mu, nítorí pé inú ibi tí òkun ti ya wọ ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Banderas, ni wọ́n wà. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, àwọn àbùùbùtán máa ń wá bímọ níbẹ̀, ọmọ yín sì lè rí wọn láti inú ọkọ̀. Ní Los Cabos, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Ilé ìtura olówó ńlá pọ̀ níbẹ̀ tó jẹ́ pé ènìyàn kò gbọdọ̀ wọ òkun tó wà níwájú wọn rárá. Playa Médano, Chileno àti Santa María wà lára ìwọ̀nba ibi tí wọ́n ti lè wẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mú oṣù tí ẹ ó lọ

Àsìkò ìjì líle ní ìhà Kàríbíánì ni ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà sí ọgbọ̀nọjọ́ oṣù Kọkànlá. Ní ìhà Pàsífíìkì, ó bẹ̀rẹ̀ ní àárín oṣù Karùn-ún. Oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá ni ìjì máa ń pọ̀ jù. Kì í ṣe pé ìjì yóò jà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ nígbà náà gbọ́dọ̀ ra ìwé adójútòfò ìrìnàjò tó dárúkọ ìjì ní pàtó, kí ó sì rà á kí wọ́n tó fún ìjì kankan lórúkọ, nítorí pé lẹ́yìn ìyẹn wọn kì í sanwó lórí rẹ̀ mọ́.

Ohun kejì ni ewéko òkun tí wọ́n ń pè ní sargasso, tí ó ń léfòó wá láti inú agbami Àtìláńtíìkì tí ó sì ń kó jọ sí etíkun Kàríbíánì, láti nǹkan bí oṣù Kẹta tàbí Kẹrin títí dé oṣù Kẹjọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ó bá jẹrà, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ó sì ń pa omi láró di pupa rúsúrúsú. Àwọn ará Èkó àti Badagry mọ ọ̀ràn yìí, nítorí pé ewéko kan náà ti ń dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti bí ọdún 2011. Etíkun Pàsífíìkì kò ní ìṣòro yìí. Playa Norte àti ìhà ìwọ̀-oòrùn Cozumel kì í sì í rí púpọ̀ nínú rẹ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ wo fọ́tò tí àwọn àlejò yà ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, kì í ṣe èyí tí ilé ìtura gbé jáde.

Àkókò tí oòrùn ràn tí òjò kò sì pọ̀ ni ìparí oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹrin. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tútù láti àríwá, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní norte, lè fẹ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ọmọ yóò sì máa gbọ̀n nínú adágún tí wọn kò gbé omi rẹ̀ kaná. Kérésì àti ọ̀sẹ̀ Àjíǹde wọ́n jù. Nínú oṣù Kẹta, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga láti Amẹ́ríkà ń kún Cancún fún ọtí àti orin; ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ sí ibòmíràn lóṣù náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ní báyìí, ẹ yan ilé ìtura

Èyí tí wọ́n ń pè ní “todo incluido”, tí ènìyàn ń san owó yàrá, oúnjẹ àti ohun mímu pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ló bá ẹbí tó ní ọmọ mu jù, nítorí pé ọmọ tó bá bu oúnjẹ tí kò jẹ kò ní mú kí inú bàbá rẹ̀ bàjẹ́. Ẹ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì gba èsì sílẹ̀: ṣé àwọn àgbàlagbà nìkan kọ́ ni wọ́n ń gbà, nítorí irú rẹ̀ pọ̀ ní Mẹ́síkò, láti ọmọ ọdún mélòó ni ibi ìtọ́jú ọmọdé wọn ti ń gbà, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ibi, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin kò lè dá wà níbẹ̀, àti pé ènìyàn mélòó ni yàrá kan lè gbà. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí kan àwa gan-an. Àgbà méjì àti ọmọ méjì ni yàrá ibẹ̀ sábà máa ń gbà, nítorí náà ẹbí tó ní ọmọ mẹ́ta tí ìyá àgbà sì tẹ̀ lé nílò yàrá méjì tí ilẹ̀kùn wà láàárín wọn, ẹ sì gbọ́dọ̀ tọrọ irú rẹ̀ ṣáájú. Ẹ sọ pé yàrá tó sún mọ́ ilé oúnjẹ lẹ fẹ́, nítorí pé ọgbà àwọn ilé ìtura kan tóbi débi pé ọkọ̀ kékeré ni wọ́n fi ń gbé àlejò kiri.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìmúrasílẹ̀ nílé

Ẹ fi ọmọ sí ẹ̀kọ́ omi wíwẹ̀, ó kéré tán oṣù méjì sí mẹ́ta ṣáájú. Ọ̀pọ̀ nínú àwa òbí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, nítorí náà a kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ara wa pé a ó bẹ́ sínú omi gbà wọ́n. Ẹ ra ẹ̀wù amúniléfòó tó bá ìwọ̀n ọmọ kọ̀ọ̀kan mu, kí ẹ gbé e dání láti ilé. Rọ́bà aláfẹ́fẹ́ tí wọ́n ń kì bọ apá kò lè dípò rẹ̀. Aṣọ ìwẹ̀ aláwọ̀ ọsàn tàbí àwọ̀ mìíràn tó ń tàn ni kí ẹ rà, nítorí pé aláwọ̀ búlúù kì í hàn tí ọmọ bá rì sísàlẹ̀ adágún.

Awọ dúdú náà ń jóná nínú oòrùn ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í tètè hàn. Aṣọ ìwẹ̀ alápá gígùn dára ju ìpara tó ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn lọ, nítorí pé àwọn ọgbà inú omi àti àwọn ibi tí òkìtì iyùn wà máa ń kọ ìpara tí kẹ́míkà rẹ̀ ń pa iyùn lára. Ẹ dirun àwọn ọmọbìnrin ní ìdì kékeré kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ má fi irun àtọwọ́dá gígùn kún un, nítorí pé tí omi bá mu ún, ó ń wúwo, kì í sì í gbẹ bọ̀rọ̀. Ẹ mú òróró irun dání, ẹ fi omi tútù rin irun náà kí wọ́n tó wọ adágún, kí ẹ sì fi omi ṣàn án lẹ́yìn náà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ọjọ́ tí ẹ bá dé

Ẹ ti sanwó ọkọ̀ tí yóò gbé yín láti pápákọ̀ òfurufú sílẹ̀, kí ẹ sì bá wọn ṣàdéhùn àga ọmọdé, nítorí pé takisí kì í ní i. Tí ẹ bá ti gba ẹrù tán, àwọn kan yóò kí yín tọ̀yàyà tọ̀yàyà, wọ́n á ṣe bí ẹni pé òṣìṣẹ́ pápákọ̀ ni wọ́n, wọ́n á sì ṣèlérí ìrìnàjò ọ̀fẹ́. Ìpín nínú ilé ìtura ni wọ́n fẹ́ tà fún yín, òwúrọ̀ kan gbáko yóò sì ti bá a lọ. Ẹ dá wọn lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín, kí ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹ má gbé sìgá oníbátìrì wọlé. Òfin Mẹ́síkò kọ̀ ọ́. Ìpínlẹ̀ Quintana Roo tún ń gba owó kékeré lọ́wọ́ àlejò ilẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n ń pè ní Visitax. Ojú ìwé ìjọba ìpínlẹ̀ náà nìkan ni kí ẹ ti san án.

Ìgbésẹ̀ keje: Nínú omi

Àsíá ni ẹ ó kọ́kọ́ wò láràárọ̀. Aláwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé omi rọ̀, aláwọ̀ ìyeyè pé kí ẹ ṣọ́ra, pupa pé ewu wà, dúdú pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí àwọn ọmọ má wọ òkun rárá àyàfi tí àsíá bá jẹ́ aláwọ̀ ewé.

Ẹ yan àgbàlagbà kan tí yóò máa ṣọ́ omi, kí ẹ sì dárúkọ rẹ̀ sókè: “Ìwọ ló ń ṣọ́ wọn títí di aago mọ́kànlá.” Nígbà tí gbogbo ẹbí bá wà níbẹ̀, oníkálukú máa ń rò pé ẹlòmíràn ló ń wò wọ́n, ọmọ tó ń rì kì í sì í pariwo. Olùṣọ́ náà kò gbọdọ̀ wo fóònù, kò sì gbọdọ̀ fẹnu kan ọtí. Èyí gba àtẹnumọ́ nítorí pé ọtí ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbé kiri etí adágún láti òwúrọ̀. Ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n wẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ àgbà ti lè tó o, yálà ó wọ ẹ̀wù amúniléfòó tàbí kò wọ̀ ọ́. Tí omi bá ń fa ẹnì kan lọ sínú agbami, kí ó má bá a jà tààrà. Kí ó máa wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ etíkun lọ títí yóò fi bọ́ kúrò nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ó tó kọjú sí ilẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Oúnjẹ

Níhìn-ín ni ọkàn yín yóò ti balẹ̀. Dòdò wà níbẹ̀. Ìrẹsì àti ẹ̀wà kò wọ́n. Tamal ni ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n dì sínú ewé tí wọ́n sì sè bí ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ohun mímu pupa tí wọ́n ń pè ní agua de jamaica kì í ṣe ohun mìíràn bí kò ṣe zóbò. Ata habanero tí ìhà Yucatán fi ń yangàn jẹ́ ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú ata rodo wa, ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń gbé e kalẹ̀ ní tútù nínú àwo kékeré lórí tábìlì, nítorí náà kí àgbà kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí ọmọ tó ki búrẹ́dì bọ̀ ọ́. Ẹ má mu omi ẹ̀rọ. Omi inú ìgò ni kí ẹ mu, kí àwọn ọmọ sì fi fọ eyín. Ẹ mú àpò ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi mu) mẹ́ta tàbí mẹ́rin dání nítorí ìgbẹ́ gbuuru.

Owó ìmoore bíi dọ́là kan tàbí méjì, tàbí iye rẹ̀ ní pẹ́sò, fún ẹni tó ń tún yàrá ṣe àti ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá, jẹ́ ohun tí wọ́n ń retí. Kí àwọn ọmọ kọ́ “por favor” àti “gracias” láti ilé. Ojú tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń wò yín yóò yàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ jáde lẹ́ẹ̀kan, ó pọ̀ tán lẹ́ẹ̀mejì

Chichén Itzá, ìyẹn àwókù ìlú ńlá àwọn Maya tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà láti ìgbà láéláé, lókìkí, ṣùgbọ́n ó tó bíi igba kìlómítà sí Cancún, oòrùn ibẹ̀ mú, wọn kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn gun òkìtì òkúta ńlá tó wà níbẹ̀ mọ́. Ọmọ tí kò tíì tó ọdún mẹ́jọ yóò kàn máa sunkún ni. Àwókù ìlú àwọn Maya ní Tulum sàn fún wọn, nítorí pé kò tóbi jù, òkun sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ débẹ̀ ní kùtùkùtù. Cenote, ìyẹn kànga àdáyébá tó ṣí sílẹ̀ nínú àpáta, jẹ́ ibi tí omi rẹ̀ tutù tó sì mọ́ gaara, ṣùgbọ́n ó máa ń jin lójijì, nítorí náà ẹ̀wù amúniléfòó kò gbọdọ̀ kúrò lára ọmọ. Ní Akumal, àwọn ọmọ tó ti mọ̀ ọ́n wẹ̀ lè rí ìjàpá òkun tó ń jẹ koríko nísàlẹ̀ omi. Kí wọ́n má fọwọ́ kàn wọ́n.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Tí àìsàn bá dé

Nọ́ńbà pàjáwìrì jákèjádò Mẹ́síkò ni 911. Ilé ìtura ńlá sábà máa ń ní dókítà, ṣùgbọ́n iye owó rẹ̀ ga, nítorí náà ẹ béèrè iye kí ẹ tó pè é, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí owó fún àwọn adójútòfò.

Ibà dengue ni kí ẹ máa ṣọ́. Ẹ̀fọn tó ń fà á ń jẹ ènìyàn ní ọ̀sán, nítorí náà àpò ẹ̀fọn orí ibùsùn kò tó. Ẹ fi ìpara tó ń lé ẹ̀fọn pa ara àwọn ọmọ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Tí ara ọmọ bá gbóná, paracetamol ni kí ẹ fún un, kì í ṣe aspirin tàbí ibuprofen, nítorí pé àwọn wọ̀nyẹn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ya nínú dengue. Tí ibà bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ padà délé, ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà pé Mẹ́síkò lẹ ti ń bọ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò fún dengue kí ẹnikẹ́ni tó fún un ní oògùn ibà malaria.